Haidirénjà: Igi Òdòdó Tí Kò Fẹ́ Kí Ilẹ̀ Gbẹ

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù Keje, bí oòrùn bá mú dáadáa, ẹ rìn gba àdúgbò yín kọjá, ní Peckham, ní Thamesmead tàbí ní Chatham, kí ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àwọn ilé. Ẹ óò rí igi òdòdó kan tí gbogbo ewé rẹ̀ ti sorí kọ́, tí ìdì òdòdó rẹ̀, tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, ti dẹ̀ wálẹ̀ bí gèlè tí òjò pa. Haidirénjà nìyẹn. Onílé kan á sáré fa rọ́bà omi wá, á rọ omi lé e lórí, á tún rọ ọ́ lọ́la, á tún rọ ọ́ lọ́túnla, títí gbòǹgbò á fi rà sínú ẹrẹ̀. Onílé kejì kò ní bu omi kankan sí i rárá, nítorí ó gbà pé ìlú òjò ni London. Àwọn méjèèjì ló máa pàdánù òdòdó wọn.

Ọ̀rọ̀ òjò yẹn, ẹ jẹ́ ká tètè là á. Òjò tí ń rọ̀ sí London láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí 600 mílímítà lọ. Ti Ìbàdàn lé ní 1,200. Òjò wínníwínní ni ti London. Ó lè rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má tíì wọ ilẹ̀ ju ìka kan lọ. Bẹ́ẹ̀, haidirénjà tí a mọ̀ jù, ilẹ̀ Japan ló ti wá, ìgbà òjò ibẹ̀, nínú oṣù Kẹfà, ló sì máa ń tanná. Igi tí òjò mọ́ lára báyìí ni a gbìn sí ẹnu ọ̀nà tí oòrùn ń pa. Kì í béèrè oúnjẹ púpọ̀, kì í sì í béèrè pé ká máa gé e kiri. Ilẹ̀ tútù ló ń béèrè. Ẹni tó bá lè fún un ní ilẹ̀ tútù, tó sì lè gbé àlùmágàjí pamọ́ nígbà tí ọwọ́ bá ń yún un, òdòdó rẹ̀ á yọ.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti yọ ọ́: omi ni apá kìíní, ohun ìpọnmi ni apá kejì, nítorí pé èso rẹ̀ kékeré jọ àmù.

Ẹ ka páálí inú ìkòkò

Bí ẹ bá dé ilé ìtajà ọgbà, ẹ má wo àwòrán òdòdó nìkan. Ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí pélébé tó wà nínú ìkòkò, nítorí orúkọ yẹn ló máa sọ ìgbà tí ẹ lè gé e àti bí oòrùn tó lè fara dà ṣe tó. Bí ẹ bá rí macrophylla, ti Japan nìyẹn, olórí róbótó tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀, serrata, ló ń pa àwọ̀ dà. Paniculata lè ga ju ènìyàn lọ bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òdòdó rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó funfun tàbí kó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, ó sì ń fara da oòrùn ju àwọn yòókù lọ. Arborescens wá láti Amẹ́ríkà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Annabelle, tí wọ́n rí nítòsí ìlú Anna ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ará Amẹ́ríkà ni quercifolia náà, ewé rẹ̀ tó ya ìka-ìka máa ń pọ́n bí iná nígbà ìwọ́wé. Petiolaris ń gun ògiri, ẹ̀yìn ilé tí oòrùn kì í dé kò sì dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọdún mélòó kan ló máa fi jókòó kó tó tanná.

Bí àyè kò bá gbà yín, tí oòrùn sì pọ̀ lọ́gbà yín, paniculata ni mo bẹ̀ yín kí ẹ rà. Macrophylla ló lẹ́wà jù lójú mi, òun náà ló sì ní ìtọ́jú jù, nítorí náà òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó kù máa dá lé.

Ìgbà ìrúwé tàbí ìgbà ìwọ́wé ni kí ẹ gbìn ín, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Ibi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, tí ìbòòji sì ń bò lọ́sàn-án, ló dára jù. Ẹ yẹra fún ìdí igi ńlá, torí gbòǹgbò igi ńlá á ti mu omi tán kí tiyín tó rí i mu. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ ri òun àti ìkòkò rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi títí omi náà kò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìkòkò náà, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ. Ẹ po ewé jíjẹrà mọ́ erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde, ẹ dà á padà, ẹ rọra fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá bomi rin ín dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ẹ da ewé jíjẹrà tàbí èèpo igi wẹ́wẹ́ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kó má ṣe kan ara igi náà gan-an. Àwọn bàbá wa tó ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè iṣu mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí oòrùn má fa omi ebè gbẹ ni, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe níbí.

Omi

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru dé ìwọ̀n 40.3 ní Coningsby, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yẹn, mo ní haidirénjà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ti bo ìdí ọ̀kan láti oṣù Kẹrin. Mi ò bo ti èkejì, torí ewé jíjẹrà inú àpò tán lọ́wọ́ mi, mo sì sọ pé màá ra òmíràn. Mi ò rà á. Omi kan náà ni mo ń bù fún àwọn méjèèjì ní alaalẹ́. Nígbà tí ooru náà kọjá, etí ewé èyí tí mo bo ìdí rẹ̀ ló jó díẹ̀. Èkejì pọ́n láti orí dé ìdí, òdòdó rẹ̀ dà bí bébà tí iná rà. Mo ki ìka bọ ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbóná, ó sì le bí ògiri. Lábẹ́ ewé jíjẹrà ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ ṣì tutù, ekòló ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìka yín máa sọ fún yín, ẹ má gbára lé ojú. Ẹ ki ìka ìfábẹ̀lá bọlẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá tutù, ẹ má bomi. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi sí ìdí rẹ̀, ẹ má bù ú sórí òdòdó, kí ẹ sì ṣe é pẹ̀lẹ́ kó ráyè wọlẹ̀. Lásìkò tí òjò kò rọ̀, agolo ìbomirin méjì tó ń gba lítà 10, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, sàn fún igi tó wà nínú ilẹ̀ ju ife omi kan lójoojúmọ́ lọ. Omi díẹ̀díẹ̀ kì í kọjá ojú ilẹ̀, ojú ilẹ̀ yẹn náà ni gbòǹgbò á sì máa wá omi lọ, níbi tí oòrùn ti máa pa á. Ti inú ìkòkò yàtọ̀. Bí ooru bá mú, ojoojúmọ́ ni.

Kì í ṣe gbogbo ewé tó bá sorí kọ́ ni òùngbẹ ń gbẹ. Ewé haidirénjà fẹ̀, omi inú rẹ̀ a máa bá afẹ́fẹ́ lọ lọ́sàn-án ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á sókè lọ, àní bí ilẹ̀ bá tutù pàápàá. Igi náà ń sinmi ni. Ẹ padà lọ wò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí ewé bá ti nà padà, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ó bá ṣì dẹ̀, ẹ ki ìka bọlẹ̀, kí ẹ sì gbé agolo. Bí ó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ sì gbẹ, ẹ má jẹun àárọ̀ kí ẹ tó bomi rin ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá dẹ̀ láàárọ̀ tí ilẹ̀ sì kún fún omi, gbòǹgbò ló ń rà. Ẹ dáwọ́ omi dúró.

Bí wọ́n bá fòfin de rọ́bà omi nígbà ọ̀dá, àyè ṣì wà láti lo agolo ìbomirin. Èyí tó sàn jù ni kí ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti ìgbà òtútù. Omi òjò dára fún igi yìí ju omi ẹ̀rọ lọ, ìdí rẹ̀ sì wà nínú kẹ́tù tí ẹ fi ń se omi tíì. Ẹ wo ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ẹfun ni. Omi ẹ̀rọ London kún fún un, ohun tó sì ń ṣe sí àwọ̀ òdòdó kì í ṣe kékeré.

Ilẹ̀ ni aláró

Ẹnìkan á ra haidirénjà aláwọ̀ búlúù lọ́jà, á gbìn ín sí Croydon tàbí Dartford, lọ́dún kejì á tan pupa rẹ́súrẹ́sú bí inú ìgbín òkun. Á ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Wọn ò ta ayédèrú fún un. Ilẹ̀ rẹ̀ ló rẹ òdòdó náà láró tuntun.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Èròjà àlùmíníọ̀mù wà nínú ilẹ̀ níbi gbogbo. Bí ilẹ̀ bá kan, èyíinì bí ìwọ̀n pH rẹ̀ kò bá tó 5.5, àlùmíníọ̀mù á yòrò sínú omi, gbòǹgbò á fà á mu, òdòdó á sì di búlúù. Bí ilẹ̀ bá ní ẹfun, tí pH rẹ̀ kọjá 6.5, àlùmíníọ̀mù á dì mọ́ erùpẹ̀, gbòǹgbò kò ní rí i fà, òdòdó á sì pọ́n. Láàárín méjèèjì, ẹ óò rí àwọ̀ àlùkò, tàbí kí búlúù àti pupa wà lórí igi kan ṣoṣo. Èyí tó bá funfun kò ní yí padà, ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i.

Àwọn aláró Abẹ́òkúta mọ̀ pé omi eérú ló ń mú kí ẹlú so àwọ̀ mọ́ aṣọ. Lọ́gbà, òdìkejì ni eérú ń ṣe: eérú igi ń lé ìkan ilẹ̀ lọ, ó sì ń sọ búlúù di pupa. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ búlúù kò gbọdọ̀ da eérú sídìí rẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé ká ri ìṣó dídípẹtà mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè di búlúù. Irin ni ìṣó, kì í ṣe àlùmíníọ̀mù, kò sì ní ṣe nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ búlúù gan-an, tí ilẹ̀ yín sì jẹ́ ilẹ̀ ẹfun, ẹ má bá ilẹ̀ jà. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò ńlá, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí ẹ rọ ọ́ kún fún ilẹ̀dú tí wọ́n kọ ericaceous sára àpò rẹ̀, kí ẹ máa fi omi òjò nìkan bomi rin ín. Wọ́n ń ta àlùmíníọ̀mù sọ́fétì ní ìyẹ̀fun. Ìwọ̀n tó wà lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò, torí àpọ̀jù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Ajílẹ̀ tó ní fọ́sífétì púpọ̀ kò dára fún un, nítorí fọ́sífétì máa ń so àlùmíníọ̀mù mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ ń rẹ láró láti ìsinsìnyí.

Èmi ti fi tèmi sílẹ̀ kó máa tan pupa. Ilẹ̀ wa kò gba búlúù, pupa náà sì dùn ún wò.

Àlùmágàjí

Oṣù Kẹwàá ọdún àkọ́kọ́ tí a kó dé ilé tí à ń gbé yìí, mo sanwó fún ẹnìkan pé kó bá wa tún ọgbà ṣe. Haidirénjà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí òdòdó rẹ̀ ti gbẹ, tó ti di àwọ̀ tábà. Ó gé e yíká, ó gé e mọ́lẹ̀, ó sì gún bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Inú wa dùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹsàn-án, ewé nìkan la rí. Ewé tútù yọ̀yọ̀, kò sí òdòdó kan ṣoṣo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé macrophylla ti ń di ẹrù òdòdó ọdún tó ń bọ̀ sára ẹ̀ka ọdún yìí kí ìgbà òtútù tó dé. Ìrudi yẹn ti wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka nígbà náà, òdòdó ọdún kejì ló gé dànù. Ẹ fi òdòdó gbígbẹ sílẹ̀ lórí rẹ̀ títí òtútù á fi kọjá. Òun ló ń ṣe fìlà fún ìrudi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ìrì dídì má bàa pa á.

Ní ìparí oṣù Kẹta tàbí nínú oṣù Kẹrin ni kí ẹ wá gé e. Ẹ di ẹ̀ka kan mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdòdó gbígbẹ, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò wá a wálẹ̀. Ẹ óò kọ́kọ́ kan àwọn ìrudi kéékèèké tó gbẹ, wọn ò ní sanra. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yín á kan méjì tó kọjú síra, tó yọ bọ̀ọ̀, tó sanra bí ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àwọ̀ ewé àti pupa pọ̀ lára rẹ̀. Lókè àwọn méjì yìí gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ti gé e. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ bóyá ẹ̀ka kan ti kú, ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá tutù bí ewé, ó wà láàyè. Ọ̀kan tàbí méjì nínú ẹ̀ka tó ti gbó jù, ẹ gé wọn láti ìdí kí ọ̀mùnú lè ráyè yọ.

Paniculata àti arborescens kò nílò gbogbo ìṣọ́ra yìí, torí ara ẹ̀ka tuntun ni wọ́n ti ń tanná. Ẹ lè gé wọn wálẹ̀ dáadáa nínú oṣù Kejì tàbí ìkẹta. Quercifolia kò fẹ́ ju kí ẹ yọ èyí tó kú. Petiolaris, ẹ gé e lẹ́yìn tó bá tanná tán.

Bí wọ́n bá sọ nínú ìròyìn ojú ọjọ́ pé ìrì á dì lálẹ́ nínú oṣù Kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún ọgbà bo macrophylla, kí ẹ ṣí i láàárọ̀. Alẹ́ kan péré tó láti pa òdòdó ọdún kan.

Èyí tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ Ìyá

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àwọn ọmọ ló fún wọn ní haidirénjà àkọ́kọ́ wọn, nínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi bébà dídán wé. Bí òdòdó bá rọ, wọ́n á jù ú nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Inú ilé onígíláàsì ni wọ́n ti fi ooru tàn án jẹ kó lè tanná nínú oṣù Kẹta, ìdí nìyẹn tó fi tètè rẹ̀ ẹ́. Ẹ tú bébà rẹ̀ kúrò kí omi má dúró sí i nídìí, ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Tí oṣù Karùn-ún bá parí, tí ìrì kò dì mọ́, ẹ gbé e síta lọ́sàn-án fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó lè mọ afẹ́fẹ́, kí ẹ tó gbìn ín. Ó lè má tanná mọ́ títí ọdún méjì. Ẹ ní sùúrù fún un.

Ní ti kòkòrò, kò pọ̀. Ìgbín onílẹ̀ á jẹ ọ̀mùnú nígbà ìrúwé. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú lábẹ́ ewé àti lára ẹ̀ka, ẹyin kòkòrò ni. Ẹ fi àkísà tútù nù ún kúrò. Bí ewé bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, ilẹ̀ ẹfun kò jẹ́ kó rí irin fà. Ilé ìtajà ọgbà ní oògùn irin tí a ń pò mọ́ omi.

Ọ̀kan wà tí mo gbọdọ̀ sọ. Irú májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù wà nínú ewé àti ìrudi haidirénjà. Ọmọdé, ajá àti ológbò kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ń ṣe ìnáwó tí oníkéèkì sì fẹ́ fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ lórí kéèkì, ẹ ní kó wá òdòdó mìíràn. Kó wà lórí tábìlì, kó má kan oúnjẹ.

Gígé ẹ̀ka gbìn, àti gbígbẹ òdòdó

Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni ẹ lè sọ ọ̀kan di mẹ́wàá. Láàárọ̀, ẹ gé ọ̀mùnú tí kò ní òdòdó lórí, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ gé e lábẹ́ oríkèé ewé. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ gé èyí tó fẹ̀ lókè sí ààbọ̀ kó má bàa mu omi jù. Ẹ ki wọ́n bọ ilẹ̀dú tí ẹ po yanrìn mọ́, ẹ fi ọ̀rá dé e lórí, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kì í ti í dé. Ní nǹkan bí oṣù kan, ẹ rọra fà á. Bí ó bá kọ̀, ó ti ta gbòǹgbò.

Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde rí àwòrán wọn lórí fóònù, wọ́n sì ní kí n gé mẹ́ta wá nínú àpótí bí mo bá ń bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Yàtọ̀ sí pé wọn kì í gba ewéko lásán wọlé láti ìlú òkèèrè láìsí ìwé àyẹ̀wò, macrophylla nílò òtútù kó tó lè dá ìrudi òdòdó sílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, bí kò bá tilẹ̀ kú, ewé ló máa so. Mo ní kí wọ́n gbin ixora, tí òun náà ń tan ní ìdì róbótó, tó sì fẹ́ ilẹ̀ kíkan bíi ti haidirénjà. Wọ́n ti gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ẹ lè gé òdòdó díẹ̀ fún inú ilé. Ẹ má gé e nígbà tó ṣì rọ̀, á rọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fọwọ́ kàn án: nígbà tó bá ń dún ṣàràṣàrà bíi bébà, ó ti tó. Ẹ gbé e sínú ìgò tí omi rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, síbi tí oòrùn kò ti ní í pá a láwọ̀. Omi náà á gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má bu òmíràn sí i.